Ìyọ̀ǹda Ara fún Ìdánwò Oògùn

Àwọn àgbà wa kò ka ara yíyún sí àìsàn tí a ń torí rẹ̀ pe ẹbí jọ. Àrùn tí ó bá dá ènìyàn dùbúlẹ̀ ni a ń pe ẹbí sí. Ẹni tí ara ń yún ń roko, ó ń jẹun, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí gbogbo ilé bá ti sùn, ni ó tó mọ̀ pé òun nìkan ni òun wà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin kan, tí ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ gbé ní abà kan tí kò jìnnà sí odò Ọ̀fìkì ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ni mo kọ́kọ́ rí tí ó ń fi ṣùkù àgbàdo họ ẹ̀yìn lóru. Ọmọdé ni mo wà nígbà náà. Ó ní kí n bá òun họ ibi tí ọwọ́ òun kò tó, mo sì họ ọ́ títí oorun fi gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, ó ti lọ sí oko.

Nárun ni àwọn ará abà náà ń pe àrùn ọ̀hún. Àwọn kan ní inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé, àwọn mìíràn ní oúnjẹ kan ni ó ń lé e jáde sí ara. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn sọ yàtọ̀. Eṣinṣin dúdú kékeré kan wà tí ó ń yé ẹyin sínú omi tí ń sáré lórí àpáta. Bí ó bá jẹ ènìyàn, ó lè fi aràn sí i lára. Àgbà aràn náà yóò jókòó sínú kókó lábẹ́ awọ, ó sì lè lo ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀, tí yóò máa bímọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí ojú lásán kò lè rí, ni wọ́n ń rìn káàkiri lábẹ́ awọ. Bí wọ́n bá dé ojú, wọ́n lè fọ́ ọ. Ìdí nìyí tí àwọn Òyìnbó fi ń pè é ní ìfọ́jú etí odò. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tiwa, awọ ni ó ń bá jà jù. Awọ yóò le, yóò hunjọ lára ọ̀dọ́ bí ẹni pé àgbàlagbà ni, àwọ̀ ojúgun yóò sì ṣí kúrò ní tó-tò-tó bí ara àmọ̀tẹ́kùn. Olórí gbogbo rẹ̀ ni ara yíyún tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn.

Mo sọ gbogbo èyí kí òǹkàwé lè mọ irú ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí a bá béèrè pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a mú ẹni tí ara ń yún, kí a fún un ní ohun tí ó dà bí oògùn ṣùgbọ́n tí kì í ṣe oògùn, kí a sì máa wò ó fún oṣù bíi mélòó kan, nítorí kí a lè mọ̀ bóyá oògùn gidi ń ṣiṣẹ́?

Ilẹ̀ Ìbàràpá kì í ṣe àjèjì sí oníwàádìí. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti dá iṣẹ́ ìlera ìgbèríko sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì ń lọ gbé níbẹ̀ láti kọ́ bí a ti ń tọ́jú ará oko. Ibẹ̀ náà ni Nylander ti ka àwọn ìbejì Igbó-Ọrà, tí ó sì rí i pé nínú 1,000 ìbímọ, bíi 45 ni ó jẹ́ ìbejì, tí òkìkí ìlú náà fi kàn dé òkè òkun. Ní Ìdèrè, sòbìà ni wọ́n wá wò, kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013. Ní ti nárun, William Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí kan jáde ní 1998 lórí ìtìjú tí àrùn awọ yìí ń kó bá àwọn tí ń gbé nítòsí odò Ọ̀fìkì àti Ọyán. A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á, ni àwọn àgbà wí. Oníwàádìí kò lè ṣe kí ó má kà á. Ó ní láti ní kí ìyàwó ilé ká aṣọ rẹ̀ sókè kí òun lè rí itan rẹ̀. Ó tún ní láti fi abẹ́ gé awọ bíńtín ní ìbàdí, kí ó fi í sínú omi, kí ó wá ka iye ọmọ aràn tí ó bá jáde nínú rẹ̀. Ènìyàn tí ó fara balẹ̀ fún irú èyí ti fi nǹkan sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé kò dùn ún.

Oògùn àrùn yìí ní ìtàn tí ó dára. Nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ Japan ni Satoshi Ōmura ti rí ẹ̀dá kékeré tí a ti yọ ọ́. William Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Merck ni wọ́n sọ ọ́ di oògùn aràn. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ivermectin ni orúkọ rẹ̀; Mectizan ni àwọn ará oko mọ̀ ọ́n sí. Ní 1987, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé ọ̀fẹ́ ni àwọn yóò máa fi í tọrẹ fún àrùn yìí níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì nílò rẹ̀. Oògùn náà ń pa àwọn ọmọ aràn, kì í pa ìyá wọn, nítorí náà ọdọọdún ni a ń lò ó.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ni àwọn tí ń náwó ń rò. Ètò ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1974 láti gbógun ti eṣinṣin náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orílẹ̀-èdè méje ni ó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, Nàìjíríà kò sì sí níbẹ̀. Ta ni yóò náwó lórí ara yíyún? Kí ẹnikẹ́ni tó lè gbà pé ó yẹ kí a náwó sí i, ẹnì kan ní láti fi hàn pé ara yíyún jẹ́ ìyà, kí ó sì tún fi hàn pé oògùn náà lè mú ìyà ọ̀hún dín kù. Ohun tí ó bí ìdánwò tí èsì rẹ̀ jáde ní 1998 nìyẹn. Ènìyàn tí ó lé ní 4,000 ni wọ́n kó wọ inú rẹ̀ ní Gánà, Nàìjíríà àti Ùgáńdà. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Apá kan ń gba oògùn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, apá kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, apá kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún; apá kẹrin ń gba òfìfo. Ẹni tí ń gbà á kò mọ èyí tí ó gbà, ẹni tí ń yẹ ara rẹ̀ wò kò sì mọ̀.

Èsì rẹ̀ yẹ fún ìrònú. Àbùkù awọ dín kù lára gbogbo wọn, títí kan àwọn tí ó gba òfìfo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dín kù jù lọ lára àwọn tí ó gba oògùn. Ní ti ara yíyún, ìyàtọ̀ hàn kedere: láti oṣù kẹfà lọ, ó fi ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàrin àwọn tí ó gba oògùn, bí a bá fi wọ́n wé àwọn olófìfo. Ká ní kò sí àwọn olófìfo, kí ni à bá fi mọ̀ pé oògùn ni ó ṣe é? À bá rí i pé ara gbogbo ènìyàn fúyẹ́ díẹ̀, à bá sì fò sókè, nígbà tí ó jẹ́ pé ìtọ́jú, ìrètí, tàbí ìyípadà ojú ọjọ́ lè jẹ́ ara ohun tí ó fà á. Ìyà tí àwọn olófìfo jẹ kì í ṣe ìyà lásán. Ó wọ inú ẹ̀rí tí ó jẹ́ kí a lè sọ pé ara yíyún kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ.

Ibí yìí ni mo ti máa ń bá ara mi jiyàn. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni òfìfo, bí a ti wù kí a sọ ọ́. N kò gbà pẹ̀lú wọn tán. Ẹni tí ó bá ti lọ dífá rí mọ̀ pé a kì í sọ ohun tí ó gbé wa wá fún babaláwo. Owó ni a ń sọ ọ́ sí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí etí babaláwo má baà gbọ́. Bí odù bá ti hù, tí a fẹ́ mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi, a ó mú ìbò: owó ẹyọ ní ọwọ́ kan, egungun ní ọwọ́ kejì. A ó di ọwọ́ méjèèjì, Ifá yóò sì mú ọ̀kan. Babaláwo kò mọ ohun tí ó wà nínú èyíkéyìí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí oníbèéèrè ń fẹ́ gbọ́ lè fi ẹnu ara rẹ̀ dípò ẹnu Ifá, nígbà mìíràn láìmọ̀. (Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ mi kò ní fẹ́ràn àfiwé yìí, kí wọ́n fi orí jì mí.) Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé àjèjì ni fún Yorùbá pé kí a fi nǹkan pamọ́ fún ẹni tí ń ṣe ìwádìí kí òtítọ́ lè jáde, kò tíì jókòó lórí ẹní babaláwo rí.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí n kò lè fò dá. Nídìí Ifá, ọwọ́ ta ni a dì? Ọwọ́ ẹni tí ìyà ń jẹ ni. Òun ni ó ni àṣírí, òun ni ó mọ ibi tí egungun wà. Nínú ìdánwò oògùn, wọ́n gba àṣírí náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í sínú àpótí ní ibi tí kò lè dé. Òun nìkan ni a ń yún, òun náà ni kò sì mọ̀. Àní, bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ méfò, ara rẹ̀ lè ṣì í lọ́nà: oògùn gidi, nígbà tí ó bá kọ́kọ́ ń pa àwọn ọmọ aràn, lè mú kí ara yún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó sì wú. Ẹni tí ara tù lọ́jọ́ kejì lè jẹ́ ẹni tí ó gba òfìfo, kí ẹni tí ń họra títí ilẹ̀ fi mọ́ jẹ́ ẹni tí ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹrù náà já lé ọ̀rọ̀ tí a sọ fún un kí ó tó gbà. Ọ̀rọ̀ sì ni iṣẹ́ mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ dókítà mú ìwé ìyọ̀ǹda kan wá fún mi, irú èyí tí a ń kà fún aláìsàn kí ó tó fọwọ́ sí i, kí n bá a tún Yorùbá rẹ̀ ṣe. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "gbọ́". Bí a bá ka ìwé fún àgbẹ̀ kan tán, tí a bi í pé ṣé ó gbọ́, yóò ní òun gbọ́. Kí ni ó gbọ́? Ó lè jẹ́ pé ohùn dé etí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó yé e. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti gbà láti ṣe é, nítorí ọmọ tí ń gbọ́ràn ni a ń pè ní ọmọ tí ó gbọ́. Nọ́ọ̀sì tí ó mú gègé lọ́wọ́ kò ní bi í ní èyí tí ó jẹ́ nínú mẹ́ta. Ẹ tún wo "yọ̀ǹda". Ohun tí ó jẹ́ tiwa ni a ń yọ̀ǹda. Baálẹ̀ lè yọ̀ǹda ilẹ̀, ó lè yọ̀ǹda ojú ọjà kí àwọn dókítà ta àgọ́ sí. Kò lè yọ̀ǹda awọ ìbàdí obìnrin kan tí kì í ṣe òun ni ó bí i. Síbẹ̀, ta ni kò mọ̀ pé bí baálẹ̀ bá ti ní kí wọ́n máa bọ̀, ó ṣòro fún opó kan láti jókòó sílé? N kò sọ pé kí a má ṣe gba ọ̀dọ̀ baálẹ̀ kọjá. Ìwà àrífín ni yóò jẹ́. Mo ń sọ pé ẹnu ọ̀nà ni baálẹ̀ wà, kì í ṣe inú yàrá.

Èyí tí ó dùn mí jù ni orúkọ òfìfo. Nínú ìwé tí wọ́n gbé wá, "oògùn tí agbára rẹ̀ kò pọ̀" ni wọ́n pè é. Mo ní irọ́ ni, nítorí pé kò ní agbára kankan rárá. Ọ̀rẹ́ mi ní bí a bá kọ "òfìfo", àwọn ènìyàn kò ní wá. Mo bi í pé, bí òtítọ́ bá lè lé wọn lọ, kí ni ó ń mú wọn wá? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ara ń yún wọn ni."

Ìdáhùn rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ìyà ni ó ń fọwọ́ sí ìwé náà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí àwọn adájọ́ kọ òfin Nuremberg sílẹ̀ ní 1947, lẹ́yìn ìwà ìkà tí àwọn dókítà Jámánì hù sí àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ohun tí wọ́n fi ṣáájú ni pé ẹni tí a ó lò fún ìdánwò gbọ́dọ̀ fínnú-fíndọ̀ gbà. Àwa náà ní ìwé ìlànà tiwa fún ìwádìí ìlera láti 2007. Kò sí ìwé nínú gbogbo wọn tí ó lè sọ bí ẹni tí kò sùn láti ọdún mẹ́wàá yóò ṣe fínnú-fíndọ̀ sọ pé rárá.

Bí a bá sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, a mọ ibi tí ó ń yọrí sí. Ní Kánò ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé, ilé-iṣẹ́ Pfizer lo oògùn tuntun kan tí ó ń jẹ́ Trovan nínú ìdánwò tí ó kan 200 ọmọ. Mọ́kànlá nínú wọn kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àwọn tí ó gba oògùn tuntun náà nìkan. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn náà ni ó pa wọ́n. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà fà títí di 2009, kí wọ́n tó fẹnu kò lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò. Ṣùgbọ́n kí owó náà tó dé, ní 2003, àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti kọ oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn, ìrántí Trovan sì wà lára ohun tí ó mú wọn fura. Ọmọ tí kò sí láyé ní 1996 ni ó lè rọ lẹ́sẹ̀ nítorí ohun tí wọn kò sọ fún òbí ọmọ mìíràn.

Mo mú ìwé ọ̀rẹ́ mi lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó ti darúgbó, ó ti kúrò ní abà, ó ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní Èrúwà. Òun kò bá wọn ṣe ìdánwò kankan rí; Mectizan tí wọ́n ń pín ní abà ni ó lò, ní ọdún bíi mélòó kan, tí ara yíyún náà fi fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Yorùbá mi yóò yé e. Mo kà á fún un láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí a kọ "ìdánwò" sí, ó dá mi dúró.

"Ta ni ẹ fẹ́ dán wò? Ṣé oògùn ni, àbí èmi?"

Mo ní, "Oògùn ni, Ìyá."

"Kí ló dé tí ẹ kò fi dán an wò lára yín?"

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti òfìfo fún un, mo sì pè é ní òfìfo. Mo rò pé yóò bínú. Kò bínú. Ó ní bí a bá ti sọ ọ́ fún ènìyàn lójúkojú, tí ó sì gbà, ó ti gbà nìyẹn. Pé òun náà lè gbà á, bí ó bá jẹ́ pé nítorí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Ó wá bi mí ní ohun tí kò sí nínú ìwé náà.

"Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n tán, ta ni yóò padà wá sọ fún àwọn tí ó mu òfìfo pé òfìfo ni wọ́n mu? Ta ni yóò sì fún wọn ní gidi?"

Mo padà sílé, mo sì fi ìlà méjì kún ìsàlẹ̀ ìwé náà: pé bí iṣẹ́ bá parí, a ó padà wá sọ fún olúkúlùkù èyí tí ó gbà, àti pé ẹni tí ó gba òfìfo yóò gba oògùn gidi bí oògùn náà bá dára. Mo yí "oògùn tí agbára rẹ̀ kò pọ̀" padà sí "òfìfo". Mo dá ìwé náà padà fún ọ̀rẹ́ mi. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n fi àmì ohùn sí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. "Òfìfo" wà níbẹ̀. Ìlà tí ó sọ pé wọn yóò gba oògùn gidi wà níbẹ̀. Ìlà tí ó sọ pé a ó padà wá sọ fún wọn kò sí mọ́. Mo pè é. Ó ní àwọn tí ń náwó sọ pé kò sí owó ọkọ̀ fún èyí nínú ètò, pé ó tó bí wọ́n bá ti gba oògùn.

Mo fi àmì ohùn sí i, mo sì dá a padà.

Nígbà tí mo tún dé Èrúwà, ó bi mí bóyá wọ́n ti lọ sọ fún àwọn ènìyàn náà. Mo ní iṣẹ́ náà kò tíì parí. Òtítọ́ ni mo sọ. Ó ní kí n bá òun gbé omi mímu wá, mo sì dìde lọ gbé e.